Yàrá Òkè Ṣobali

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa òwe bí ẹni ń já ewé, ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti bi ara rẹ̀ léèrè rí ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o? Ẹ rò ó wò ná. Ta ló ń fi itọ́ mọlé? Ẹnu ta ló tóbi tó bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà kì í sì í déédéé sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ẹ yáa mọ̀ pé ẹnì kan ti jókòó níbì kan rí, tó tutọ́, tó tutọ́, títí itọ́ fi di ilé.

Ẹ má wulẹ̀ ṣí Ìwé Mímọ́ wá ìtàn yìí. Kò sí níbẹ̀. Ẹ má sì bi mí bí òwe náà ṣe rìn láti ilẹ̀ Júdà dé àárín wa. Ọ̀rọ̀ kò lẹ́sẹ̀, àmọ́ kì í sùn sọ́nà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ́lé láyé ìgbà náà, ìyẹn wà níbẹ̀. Ẹni tí kì í fo ojú ìwé ti rí i.

Ilé mẹ̀kúnnù nílẹ̀ Júdà kò le. Òkúta ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ògiri rẹ̀ jẹ́ bíríkì amọ̀ tí wọ́n po mọ́ koríko gbígbẹ, tí oòrùn sì yan gbẹ. Òrùlé wọn kò ga ṣóńṣó bíi tiwa. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Wọ́n á to ìtì igi, wọ́n á tẹ́ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ lé e, wọ́n á rọ́ amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọ́n á wá yí òkúta rìbìtì lórí rẹ̀ títí yóò fi ki. Orí òrùlé yẹn ni wọ́n ti ń sá aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà, ibẹ̀ náà sì ni baálé ilé ń sá lọ bí ìyàwó bá bẹ̀rẹ̀ ìjà nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Òfin fi ní kí wọ́n ṣe ìgbátí yí i ká, ìyẹn ògiri kékeré tó dé ìbàdí, kí ẹni tó ń sá fún ìyàwó má baà lọ já bọ́ sọ́run.

Ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ni ènìyàn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jọ ń sùn. Ènìyàn lórí pèpéle, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Bí ọ̀kan bá hanrun, èkejì á dáhùn.

Ní ìlú kékeré kan lórí òkè, Bẹti-Nogà ni wọ́n ń pè é, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gbé tó ń jẹ́ Ṣobali. Bàbá rẹ̀ ti kú, ó fi ọgbà àjàrà sílẹ̀ fún un. Òun àti Hogila ìyá rẹ̀, tí ìbàdí ń dùn, àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ni wọ́n jọ ń gbé. Ṣobali sì fẹ́ràn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Atara. Atara fẹ́ràn rẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Atara ní bàbá.

Maluku ni orúkọ bàbá yìí. Maluku tóbi. Bó bá jókòó lórí òkúta, òkúta á rọra sún. Kò sì gba ohunkóhun gbọ́ láyé yìí àfi bó bá fẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ wò. Bó bá fẹ́ ra ẹní, á fẹsẹ̀ kì í. Bó bá fẹ́ ra ìkòkò, ẹni tó ń tà á á yára gbé e sá. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ tilẹ̀ ní ó tẹ ìyá ìyàwó rẹ̀ lẹ́sẹ̀ wò kó tó fẹ́ ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí Ṣobali lọ tọrọ ọmọ, Maluku wò ó láti òkè délẹ̀.

"Atara mi kò ní bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sun yàrá kan," ó ní. "Mọ yàrá kan sórí òrùlé ìyá rẹ. Ṣe òrùlé sí i, kí o ṣe ìgbátí sí òrùlé náà bí Òfin ti wí. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, èmi fúnra mi yóò gun orí rẹ̀, n ó fẹsẹ̀ kì í. Bó bá gbà mí, ó gba ọmọ mi nìyẹn. Bí kò bá gbà mí, Hakubu oníkòkò ṣì ń dúró."

Hakubu yìí, opó ọkùnrin ni ní ìlú kejì, eyín ẹnu rẹ̀ sì ti ń dágbére fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Atara ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n kúkú fún òun ní ìkòkò, kí wọ́n fi Hakubu sílẹ̀.

Ṣobali kó òkúta, ó gé igi, ó kó koríko gbígbẹ jọ. Erùpẹ̀ wà nílẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ohun kan ṣoṣo ló kù: omi tí yóò fi po amọ̀.

Kànga wà nísàlẹ̀ òkè, àwọn obìnrin ló sì ń pọnmi nílẹ̀ náà. Ọkùnrin tó bá gbé ládugbó lé èjìká, ìran àpéwò ló di. Ta ló sì kọ́ ìlú láti máa wo ìran yẹn? Ṣobali náà ni. Lọ́dún tó kọjá, Tirsa ìyàwó Buni, aládùúgbò wọn, bí ìbejì, kò lè dìde. Buni gbé ládugbó, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí kànga fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń gòkè bọ̀ ni Ṣobali dúró lórí òrùlé tó figbe ta:

"Ẹ wá wò ó o! Ìyá Olómi ń bọ̀! Ìyá Olómi, ẹ kú iṣẹ́ o! Ọmọ mélòó lẹ bí?"

Láti ọjọ́ náà, Buni kò ní orúkọ mìíràn mọ́. Àwọn ọmọdé ń fi kí i. Àwọn àgbà ń fi pè é lẹ́nu ibodè. Tirsa gbọ́. Nígbà tó jí pépé, ó lọ sí kànga, ó bá gbogbo obìnrin ìlú ṣèpàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹni tó bá pọn ẹ̀kán omi kan fún ilé mímọ Ṣobali, kó má dé kànga náà mọ́.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tí Ṣobali bẹ̀ tó dá a lóhùn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lè ru omi, àmọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò mọ bí a ṣe ń fa omi. Atara ì bá pọn ọ́n, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni kí ìyàwó pọn omi tí a ó fi mọ yàrá tí a ó gbé e wọ̀.

Atara pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. "Ṣobali, sọ̀ kalẹ̀ wá sí kànga. Pọnmi rẹ. Èmi ni n ó gbé e rù ọ́."

"Kí wọ́n wá máa pè mí ní Ìyá Olómi?"

"Kí wọ́n pè ọ́ ní Ìyá Olómi kí èmi pè ọ́ ní ọkọ, tàbí kí wọ́n má pè ọ́ ní nǹkan kan kí Hakubu gbé mi lọ. Èwo ló wù ọ́?"

Ṣobali wolẹ̀. Ìgbéraga, ará, kì í jẹ́ kí ènìyàn dáhùn ìbéèrè tó rọrùn.

Ó lọ jókòó sínú ọgbà àjàrà, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó já èso àjàrà kan tí kò tí ì pọ́n, ó jù ú sẹ́nu láìwò ó. Hàà! Ojú rẹ̀ dì, etí rẹ̀ mì, itọ́ sì sọ lẹ́nu rẹ̀ bí orísun. Ó tu ú sílẹ̀. Òmíràn tún sọ. Ó tún tu ú. Nígbà tó la ojú, ó wo ilẹ̀ níwájú rẹ̀: erùpẹ̀ ti di amọ̀.

Ó fìka tẹ̀ ẹ́. Amọ̀ ni lóòótọ́!

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ni Ṣobali wí, "tó fi kànga sí mi lẹ́nu!"

Ẹ ò rí i báyìí. Ẹni tó ti kọ ìmọ̀ràn rere, kì í pẹ́ kó tó máa fi orúkọ Ọlọ́run ti ìranù lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹnu kan kò lè mọlé. Ṣobali já èso àjàrà kíkan kún agbọ̀n, ó gbé e lọ sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ níbi tí àwọn ọkùnrin tí kò níṣẹ́ ń jókòó sí. Ọ̀gá wọn ni Heldai, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé bí kò bá jẹun, á máa sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

"Ẹ wá jẹ àjàrà o!"

"Ọ̀fẹ́?" ni Heldai bi í.

"Ọ̀fẹ́ ni."

Gbogbo wọn dìde. Ṣobali kó wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó mú kí wọ́n jókòó yí òkìtì erùpẹ̀ kan ká, ó pín àjàrà fún wọn. Heldai kó tirẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà.

"Yéè! Ṣobali, ṣé o fẹ́ pa wá ni?"

"Má gbé e mì! Tu ú! Rárá, kì í ṣe ibẹ̀ yẹn. Tu ú síbí, sórí erùpẹ̀."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ orí erùpẹ̀?"

"Kó má baà ba ilẹ̀ jẹ́ ni."

Wọ́n tu ú. Nígbà tó yá, ó di eré lójú wọn. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń lọ́jú, wọ́n ń tu, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, Ṣobali sì ń fẹsẹ̀ po amọ̀ láàárín wọn bí ẹni tí inú ń dùn. Nígbà tí ẹnu wọn bá gbẹ, á dáwọ́ dúró, á ní:

"Ẹ jẹ́ n ròyìn ẹran ìgbéyàwó mi fún yín. Àgùntàn ọlọ́ràá ni. A ó yan án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rá rẹ̀ á máa kán sínú iná, ṣàà, ṣàà..."

Heldai á di ojú. "Àlùbọ́sà ńkọ́?"

"Àlùbọ́sà ń bẹ."

"Àáyù?"

"Àáyù pọ̀ ju ẹran lọ."

Itọ́ á dà wàà, bíríkì kan á jáde.

Lọ́jọ́ kan, Maluku fúnra rẹ̀ ń kọjá lọ. Ta ló tó fi oúnjẹ ọ̀fẹ́ pa mọ́ fún Maluku? Kò tilẹ̀ béèrè. Ó na ọwọ́ sí agbọ̀n, ó kó odindi ṣírí kan sẹ́nu. Ojú rẹ̀ ká bí ewé gbígbẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣí odò tí wọ́n sé mọ́. Ó tó ògiri kan lódindi! Ó nu ẹnu rẹ̀, ó bú àjàrà náà, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò béèrè ohun tí wọ́n ń fi òkìtì náà ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí.

Kò pẹ́ tí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀ràn. Ìròyìn àjàrà ọ̀fẹ́ ti tàn ká, eyín gbogbo ọkùnrin sì ti kan. Ìyàwó se oúnjẹ, ọkọ kò lè rún un lẹ́nu. Lọ́jọ́ ìsinmi, ọmọ Léfì gbé orin ìyìn sókè, àwọn obìnrin nìkan ló gbè é. Lẹ́nu ibodè, wọ́n gbé ẹjọ́ ewúrẹ́ kan wá. Àgbà tó fẹ́ dá a la ẹnu, èyí tó jáde níbẹ̀ kò ju "ssss" lọ. Olùfisùn rò pé ejò ni, ó ju ewúrẹ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí itọ́ ènìyàn wá ń tán lọ, Ṣobali so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ ẹ̀bá òkìtì, ó gbé ọkà bálì síbi tí ẹnu rẹ̀ kò ti lè tó o. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ṣe ìwọ̀n tirẹ̀.

Síbẹ̀ náà, itọ́ kì í ṣe odò. Kí amọ̀ lè tó, Ṣobali mọ ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí àkàrà aláìwú. Nígbà tó gbé òkúta rìbìtì lé òrùlé láti yí i, òrùlé ké "kíín." Ó yára sọ òkúta náà kalẹ̀. Ó wá fi ẹfun kun gbogbo rẹ̀, tinú tòde. Ará, ó funfun! Ẹni tó bá wò ó láti ọ̀nà jíjìn á rò pé áńgẹ́lì ló sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀.

Hogila ìyá rẹ̀ gun àtẹ̀gùn lọ wò ó. Ó fa imú. "Ọmọ mi, ilé yìí dára. Àmọ́ kí ló dé tó ń rùn bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí?"

Buni náà wò ó láti orí òrùlé tirẹ̀. "Ṣobali, bí òjò bá dé ńkọ́?"

"Òjò wo, ẹ̀gbọ́n? A ti jẹ Ìrékọjá kọjá tipẹ́. Ọlọ́run ti ti fèrèsé ọ̀run pa títí di Àjọ Àgọ́. Ẹ wo ojú sánmọ̀, ṣé ẹ rí ìkùukùu?"

Buni wo ojú sánmọ̀. Kò rí ìkùukùu. Lóòótọ́, òjò kì í rọ̀ nílẹ̀ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó ti fèrèsé pa, kò gbàgbé àjàrà àti koríko. Ohun tó fi ń bọ́ wọn nígbà náà ni ìrì. Ìrì ibẹ̀ kì í sì í ṣe ìrì tí ń pa ènìyàn lẹ́sẹ̀ lásán. Bí o bá gbàgbé irun àgùntàn síta, bó o bá fún un láàárọ̀, omi á kún àwo.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ìrì tó sẹ̀ mọ́jú pọ̀ ju ti gbogbo ọdún lọ. Ṣobali jí, ó wẹ̀ nínú ìwọ̀nba omi tí ìyá rẹ̀ fi pa mọ́, ó wo yàrá òkè rẹ̀, ó rí i tó ń dán. Ó yin Ọlọ́run. Kò mọ̀ pé ohun tó ń dán yẹn, ògiri ló ń làágùn.

Maluku dé pẹ̀lú àwọn àgbà àti gbogbo ìlú lẹ́yìn rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn ìta, ó ń mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀. Ó tẹ ẹsẹ̀ kan lé òrùlé yàrá tuntun náà.

Pọ̀tọ̀.

Ó fa ẹsẹ̀ yọ. Ẹsẹ̀ jáde, bàtà kò jáde.

"Ṣobali, kí ni èyí?"

"Ó ń kí yín káàbọ̀ ni, Bàbá."

Maluku fi ọwọ́ ti ìgbátí kí ó má baà ṣubú. Ìgbátí náà ṣe bí ẹni ń tẹríba, ó wó, ó sì balẹ̀ ṣọ̀ sínú ọpọ́n ìyẹ̀fun tí Tirsa ń pò ní àgbàlá tirẹ̀ nísàlẹ̀. Maluku gbé ọwọ́ sí imú. "Èso àjàrà kíkan?" ló ń sọ lọ́wọ́ tí òrùlé fi là. Ó wọlé láti òkè, ó jókòó gbàà sórí ibùsùn ìyàwó. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wo ara wọn, wọ́n sì rọra dùbúlẹ̀ lé e lórí. Nígbà náà ni òrùlé Hogila tó wà nísàlẹ̀, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ọ́n, rí i pé ẹrù yìí kọjá agbára òun. Òun náà là. Maluku tún já bọ́, ó sì gun ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gẹ́lẹ́.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ké, ó fi orí já ìlẹ̀kùn, ó gba àárín ìlú kọjá bí ọfà. Maluku wà lórí rẹ̀, ó di etí rẹ̀ mú, amọ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kò ríran. Àwọn tí kò mọ̀ dọ̀bálẹ̀, wọ́n rò pé wòlíì tuntun ló dé. Ìsàlẹ̀ òkè, lẹ́bàá kànga, ni ẹranko náà dúró sí lójijì, tí Maluku sì bá tirẹ̀ lọ síwájú.

"Omi!" ó ń ké. "Mi ò lajú o! Ẹ fún mi lómi! Ẹ ránṣẹ́ pe Hakubu!"

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ká ọwọ́ lẹ́ran. Tirsa ti sáré dé, ìyẹ̀fun àti amọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Amọ̀ ilé Ṣobali nìyẹn," ó ní. "Àwa kì í pọnmi sí i."

Ṣobali dé, ó ń mí gúlegúle, gbogbo ìlú lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo Maluku. Ó wo kànga. Ó wo Atara tó wọ aṣọ ìyàwó. Atara gbé ládugbó rẹ̀ wá síwájú Ṣobali, ó gbé e kalẹ̀.

Ṣobali gbé e. Ó fa omi, ó gbé ládugbó lé èjìká lójú gbogbo ènìyàn, ó lọ da omi náà lé bàbá ìyàwó rẹ̀ lórí. Ó padà. Ó tún fà á. Itọ́ tó ti gbẹ kì í tètè ṣí. Ó ní láti máa fọ etí lọ́tọ̀, imú lọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni Buni bọ́ síwájú.

"Ìyá Olómi," ó ní, "ẹ kú iṣẹ́ o! Ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ṣobali dúró, omi ń kán lára rẹ̀. Ó wo Buni, ó wo Maluku tó jókòó sílẹ̀, tó ń dijú, tó ń sunkún omi.

"Ọ̀kan péré ni, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ó kàn tóbi ni. Ẹ dárí jì mí, ọ̀rọ̀ ọjọ́sí."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Tirsa rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Ó ti bímọ lóòótọ́!" ó ní. "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ jẹ́ ká bá a wẹ̀ ẹ́." Ládugbó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kànga, wọ́n ń jáde, títí ojú Maluku fi hàn.

Maluku fi ìka méjèèjì la ojú. "Kí lo fi mọ ilé yìí?"

"Itọ́ ni, Bàbá."

"Itọ́! Itọ́ ta ni?"

Heldai àti àwọn ará abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara wọn.

"Ti gbogbo ìlú, Bàbá," ni Ṣobali wí. "Ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pẹ̀lú." Ó gbé ládugbó sílẹ̀. "Ògiri ìlà-oòrùn, tiyín ni."

Maluku rántí agbọ̀n. Ó rántí ṣírí àjàrà.

"Nítorí náà," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́, "inú itọ́ ara mi ni mo já bọ́ sí."

"Ògiri yẹn ló kẹ́yìn láti wó, Bàbá. Òun ló le jù."

Ìyẹn tu Maluku nínú díẹ̀. Ó dìde, ó fún aṣọ rẹ̀, ó kọjú sí ìlú. "Ẹ má pe Hakubu mọ́. Bí mo bá ní ilé náà kò dára, èmi náà wà lára àwọn tó mọ ọ́n. Ṣobali, ìgbéyàwó di Àjọ Àgọ́. Ṣùgbọ́n omi ni kí o fi mọ ọ́n, ìwọ ni kí o sì pọn ọ́n. Kí gbogbo yín fetí sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín: ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o!"

Ṣobali pọnmi ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn náà. Ó mọ òrùlé ìyá rẹ̀, ó mọ yàrá òkè tuntun. Nígbà tí ọjọ́ pé, Maluku gun orí rẹ̀, ó fẹsẹ̀ kì í, òrùlé kò sọ nǹkan kan. Kò gbà á gbọ́ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ahọ́n kan ìgbátí.

"Kò kan," ó ní. "Ta ló pọnmi rẹ̀?"

"Ìyá Olómi ni, Bàbá."

Maluku fa Atara lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará, òun rèé. Bí ẹ bá rí ẹni tí ìtìjú kò jẹ́ kó ṣe ohun tó yẹ, tó wá ń fi ọgbọ́n wẹ́wẹ́ kọ́ nǹkan ńlá, tó sì fi ẹfun kùn ún kó lè funfun, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn ní kó tètè kó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ kí àna rẹ̀ tó dé, torí pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.